Ọmọ Baba Tààrà Ń Kọ́ Wíwọ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara yín, ẹ sì kú agídí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà kí n fi fóònù pè yín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù ò ṣeé tún kà. Ó dáa náà. Èmi nìyí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi páálí bàtà ṣe tábìlì, mò ń kọ̀wé bí ará ayé àtijọ́.

Ara mi le. Bàtà tó nípọn tí ẹ ní kí n máa wọ̀ nítorí òtútù ni mò ń wọ̀. Yàrá mi ò tóbi. Bí mo bá na ẹsẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, bí mo bá na ọwọ́, á kan fèrèsé, nítorí náà n kì í nara mọ́.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Ẹ rántí pé koríko ni mò ń gé ní pápá gọ́ọ̀fù tí mo sọ fún yín, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọ ọ́ jáde bí ẹni pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn rí mi lọ́jọ́ kan tí mò ń gbá a fúnra mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ti ń kọ́ mi ní wíwọ́ báyìí. Ó ní títọ́ mi ti pọ̀ jù, àfi kí n kọ́ wíwọ́ kí n tó lè dé ipò gidi. Ó ní mo ní ẹ̀bùn rẹ̀. Bí mo bá lè wọ́ dáadáa kó tó di àárín ọdún, wọ́n á sọ mí di olùkọ́, èmi náà á sì máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń wọ́.

Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ bá mi kí Tíṣà tó wà lójúlé kejì.

Èmi ni, ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo jókòó kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa fi kà á tán, mo ti dìde, nítorí àga ò gbà mí mọ́.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní àdúgbò yìí. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi níbí. Baba Tààrà ni wọ́n ń pè mí, nítorí ilẹ̀kùn tí mo bá kàn kì í fì sí ọ̀tún, kì í fì sí òsì. Nígbà tí ìyá rẹ fẹ́ kú, ohun tó sọ fún mi ni pé kí n tọ́ ọ kí o tọ́. Mo tọ́ ọ, o sì tọ́. Àfi bí o ṣe dé òkèèrè tí o pàdé ọ̀gá tó sọ fún ọ pé títọ́ rẹ ti pọ̀ jù! Ó wá ń kọ́ ọ ní wíwọ́! O tún ní ẹ̀bùn rẹ̀! Kú oríire. Ṣé wọ́n máa fún ọ níwèé ẹ̀rí? Ṣé kí n ti kan férémù rẹ̀ sílẹ̀?

Mo ní kí Tíṣà bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ojú mi ló tàn mí jẹ. Ojú ò tàn mí jẹ. Wíwọ́ lo kọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo sì kọ ọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí mo fún un lómi mu.

Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Mi ò gbọ́ ọ rí pé igi wọ́rọ́kọ́ ní í di olùkọ́. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyẹn, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Yàrá rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí. Àjò kì í dùn kí onílé má rè'lé.

Bàbá rẹ, tó ṣì tọ́.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìbínú o. Mo gba lẹ́tà yín. Díẹ̀ ló kù kí gbogbo ilé tí mò ń gbé bá mi gbà á, nítorí lẹ́tà gàdàgbà lẹ fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré lórí ìlà kan, bíi pátákó tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ajá burúkú ń bẹ nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ mi nínú ìwé. Mo ti gbọ́.

Bọ́ọ̀lù ló ń wọ́, Bàbá. Kì í ṣe èmi.

Bó ṣe rí nìyí. Bí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ihò kẹrin, igi ńlá kan dúró sí agbedeméjì. Bí èèyàn bá gbá a tààrà, igi á dá a padà fún un. Mo ti gbá a lù ú débi pé ó yẹ kí igi náà ti máa kí mi. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún igi náà jáde, kó wá rọra tẹ̀ sí òsì lójú ọ̀run, kó balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn á kọ ẹsẹ̀ àti èjìká sí ọ̀tún, apá náà á sì fì gba ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irin tó wà nídìí ọ̀pá, a ó ti yí ojú rẹ̀ díẹ̀ sí òsì. Ojú ń wo ibì kan, ọwọ́ ń lọ síbòmíràn. Àìbáramu àwọn méjèèjì yẹn ló ń mú kí bọ́ọ̀lù tẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́.

Ìdánwò wà ní oṣù kẹfà. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ni. Bí méje bá yí igi náà ká, mo di olùkọ́ fún ọdún mẹ́ta. Bí kò bá pé méje, iṣẹ́ koríko mi parí ní oṣù kẹsàn-án, ìwé tó jẹ́ kí n máa gbé ìlú yìí parí pẹ̀lú rẹ̀, n ó padà wálé, ẹ ó sì máa pariwo mọ́ mi lójúkojú. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín tí kò tíì wọ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Àlàyé rẹ yé mi yékéyéké. Ojú ń wo ibì kan, ọwọ́ ń lọ síbòmíràn. Olè là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí, a kì í sì í dúró di oṣù kẹfà ká tó fún un ní ìdánwò.

Mo ní ìbéèrè kan. Igi tó dúró sójú ọ̀nà yẹn, ṣé kò sí ayùn ní gbogbo ìlú náà ni? Ọ̀wọ́ àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n jẹun kánú, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yí igi ká láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ẹnì kan tó ronú pé ká gé e? Fi bí ìdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ igi líle, á tó àga mẹ́fà àti tábìlì kan.

O tún wá ń ṣàlàyé ìtẹ̀ fún mi. Èmi! Ta ló gé apá àga tí ìyá rẹ máa ń jókòó lé? Ṣé gbọọrọ ló rí? Ìtẹ̀ wà fún àga, kò sí fún ọmọ èèyàn. Jẹ́ kí n sì sọ ohun tí ọ̀gá rẹ ò mọ̀ fún ọ. Ẹni tó bá ń gé ìtẹ̀, kì í wo ikùn ìtẹ̀ náà. Bí ojú rẹ bá wà níbi tó ti yọ síta, ibẹ̀ gan-an ni ayùn máa ya sí. Ìparí ìlà ni kí o tẹjú mọ́, kí o wá jẹ́ kí ọwọ́ máa rìn. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ láti ràn ọ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ń wọlé fún mi níbí, mi ò ráyè mí. Mo ti kun yàrá rẹ. Tíṣà ní ọ̀dà náà ti funfun jù, mo ní kì í ṣe òun ló máa sùn níbẹ̀.

Ní ti lẹ́tà gàdàgbà, bó ṣe wù mí ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìráyè mí.

Mo jíṣẹ́ yín fún ọ̀gá. Mo ní bàbá mi ní kí a gé igi náà. Ó di orí mú, ó jókòó sórí koríko tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó ní ṣé bàbá mi ní ìwé àṣẹ láti wọ ìlú yìí. Mo ní kò ní. Ó ní a dúpẹ́.

Ẹ wá gbọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lu igi yẹn. Ìgbà tí mo bá sì fi ìbínú yí ojú irin, bọ́ọ̀lù á wọ́ débi pé yóò fẹ́ padà sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, ó balẹ̀ sínú ife tíì baba arúgbó kan tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá ilé ìsinmi. Kò bínú. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń gbá gọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù tòun ò tíì wọ inú ohunkóhun rí.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo tètè jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí n tó gbé ẹ̀rọ koríko jáde. Mo rí i pé òótọ́ lẹ sọ. Igi ni mo ti ń wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọ̀pá sókè, ara igi lojú mi máa ń wà, bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀, mo tẹjú mọ́ ibi tí mo fẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí, mo dẹ ọwọ́, mo jẹ́ kó rìn. Bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún jáde, ó dé ẹ̀gbẹ́ ewé, ó dà bíi pé ó ro ara rẹ̀ wò, ó sì yà sí òsì. Bàbá, mo ké. Àwọn tó ń gbá tiwọn ní ihò kejì rò pé wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù bà mí.

Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mò ń rí, lánàá ó di mẹ́fà. Ọ̀gá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní káfíńtà kan tí kò fẹ́ kí n yege ló kọ́ mi.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ni ìdánwò. Ẹ gbàdúrà fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mò ń gbàdúrà. Mi ò ní sọ ohun tí mò ń bẹ̀ fún.

Wọ aṣọ tó mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Lẹ́tà àdúrà yín dé lẹ́yìn ìdánwò, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun yòówù kí ẹ máa bẹ̀, ó jọ pé ó pẹ́ kó tó dé ọ̀run náà, nítorí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló yí igi yẹn ká. Ìkẹsàn-án lu igi, mo gbà pé ó kàn fẹ́ dágbére fún un ni. Ìkẹwàá, omi ti kún ojú mi, mi ò mọ ibi tó gbà. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn tí a jọ ń gé koríko da omi sí mi lára, aṣọ tó mọ́ tí ẹ ní kí n wọ̀ sì di ìdọ̀tí.

Ìwé àdéhùn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi báyìí. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kí oṣù kẹjọ tó parí. Ọdún mẹ́ta gbáko.

Mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ lẹ ń fi mí ṣe, èmi náà ń fi yín ṣe é, bí a ṣe ń bára wa gbé nìyẹn láti ìgbà tí Màmá ti kú. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí ọdún mẹ́ta lórí yẹ̀yẹ́. Èmi nìkan lẹ bí. Ṣé kí n dúró ni àbí kí n padà wá? Ẹ sọ ọ́ fún mi ní gbangba. Èyí tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú àìfèsì. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù ò ṣeé tún kà, èyí tí ẹ ò kọ rárá ńkọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n kà á?

Mo ti mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń pín lẹ́tà nílé wa. Ó ti mọ ojú mi náà, á ti máa mi orí kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé inú ló bí yín pé mo yege? Bó bá jẹ́ inú ló bí yín, ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà bú mi. Ó tiẹ̀ ti ń wù mí í rí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ṣé ara yín le? Ìyẹn nìkan ni mò ń béèrè.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Ara mi le. Má fòyà. Tíṣà ló ń bá mi kọ èyí. Èmi ń sọ, òun ń kọ, ó sì ti búra pé òun ò ní tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. (Mo búra. Tíṣà ni.)

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó láti fún ọ lésì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fa ìwé náà ya, nítorí irọ́ ni mò ń kọ.

Iṣẹ́ kankan ò wọlé fún mi. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù láti oṣù kejìlá ọdún tó kọjá. Mi ò rí ìlà pẹ́ńsù mọ́. Nǹkan funfun kan ti bo ojú mi méjèèjì, bí ẹni ń wo ìta láti inú fèrèsé tó dọ̀tí. Lẹ́tà gàdàgbà tí o pè ní ariwo, kì í ṣe ariwo. Kí n lè rí ohun tí mò ń kọ ni.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn ni ilẹ̀kùn kan fún ilé ìwé. Mo gé e, mo fá a, mo kàn án. Wọ́n gbé e lọ, nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e padà wá. Kò pa dé. Ó wọ́. Ọ̀gá ilé ìwé náà ò bú mi. Ó ní kò burú, ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà rẹ dé pé ò ń kọ́ wíwọ́, pé o ní ẹ̀bùn rẹ̀. Ó dùn mí. Nígbà tí o ti wá ṣàlàyé pé bọ́ọ̀lù ni pàápàá, ó ṣì dùn mí.

O ní kí n sọ ọ́ ní gbangba. Mo fẹ́ kí o wálé. Mo fẹ́ kí o wá máa fa ìlà fún mi, kí èmi máa gé e. Ìdí tí mo fi kun yàrá nìyẹn. Ilé yìí dákẹ́ jù. Àárò rẹ ń sọ mí lójoojúmọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ fún ní oṣù kẹfà ni pé kí o má yege. Dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n mi ò bí ọ kí o wá di rúlà mi. Fọwọ́ sí ìwé náà.

Bàbá rẹ.

(Ó sunkún díẹ̀ nígbà tó débẹ̀ yẹn. Ó ní kí n má kọ ọ́. Tíṣà.)


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo ti dárí jì yín.

Mo sì ti fọwọ́ sí ìwé náà bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ sí i, mo ní kí ọ̀gá fi ìlà kan kún un, pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni iṣẹ́ mi máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ló dé? Mo ní mo fẹ́ mú káfíńtà kan lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní ṣé ẹni tó fẹ́ gé igi òun ni? Mo ní òun náà ni. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ríran? Ó fọwọ́ sí i ṣá.

Baba tó ń mu tíì níjọ́sí ní irú nǹkan funfun yẹn lójú. Wọ́n bá a mú un kúrò ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sì pẹ́ tó fi padà sí pápá. Ó ń rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kedere báyìí bó ṣe ń lọ sínú igbó. Mi ò lè ṣèlérí pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín máa rí, dókítà ló máa sọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ, Bàbá! Oṣù mẹ́jọ lẹ fi jókòó sínú ilé, tí ayé ń ṣú mọ́ yín lójú, tí ẹ ń béèrè bí ìdí igi ṣe fẹ̀ tó lọ́wọ́ mi! Inú bí mi sí yín. Mo sunkún, mo bú yín, mo tún sunkún. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn bó ṣe wà yẹn, ẹ má fò ó.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀ ni n ó wọlé. Odidi oṣù méjì àti ààbọ̀ ni mo máa lò, ẹ ó tiẹ̀ fẹ́ kí n tètè lọ.

Ilẹ̀kùn ilé ìwé yẹn, bí ẹ ò bá tíì fi dáná, ẹ ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu yàrá mi. Bí kò bá pa dé, kó má pa dé. Bí ẹ bá pè mí láti pálọ̀, n ó máa gbọ́.

Ọmọ yín.